Ẹja Ènì

Omi ẹja ni àǹtí mi fi kí mi káàbọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ìjọba ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní Ìjù, n kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì dúró dáadáa, tó gbé báàfù tí wọ́n fi fọ ẹja, tó da omi inú rẹ̀ síwájú mi gbàà. Ó ta sí mi ní bàtà, ó ta sí mi létí aṣọ, ìpẹ́ ẹja sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú o," ó wí, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kọjú sí. "Mi ò mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀ níbẹ̀."

Ó mọ̀. Ó ti ń wò mí láti ìgbà tí ọ̀kadà ti yà kúrò ní títì. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà, mo kí i, torí pé bó ti wù kí inú bí mi tó, wọ́n kọ́ mi nílé.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Dìde níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pa èèyàn kì í kí i káàárọ̀."

Mo dìde. Mo gbé pátákó ìwọ̀n mi sí abíyá, mo wọlé lọ jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá ààrò. Ẹnikẹ́ni kò fún mi lómi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ni mo ń sọ yìí.

Ṣàkírátù ni orúkọ àǹtí mi. Àbúrò bàbá mi ni, Ìyá Fáìzàh sì ni gbogbo Ìjù ń pè é. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní ìsọ̀ yẹn, ipò tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyẹn màmá àgbà mi. Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ. Èéfín ààrò rẹ̀ ló rán mi níléèwé, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Òótọ́ ni, n kò jiyàn rẹ̀ rí. Ohun tí kò dùn mọ́ ọn nínú ni ohun tí mo lọ fi ìwé náà ṣe.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wádìí bí ẹja òkun ṣe kù sí. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn ní Ọ̀tà, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi mí pé òkun wo ló wà ní Ọ̀tà. Kò sí òkun ní Ọ̀tà. Ẹnu ló wà níbẹ̀. Láti Ṣàngó títí wọ ọ̀nà Ìdírókò, iléeṣẹ́ ló tò lọ bẹẹrẹbẹ, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì ń jẹun lọ́sàn-án. Wọ́n fẹ́ràn ẹja àpò yíyan, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní kúróókà. Torí náà, àárọ̀ ni ọkọ̀ máa ń kó o dé láti etí òkun pẹ̀lú yìnyín lórí rẹ̀, ìsọ̀ wa ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù. Èèyàn kò lè wọ inú omi lọ máa ka ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ mọ ohun tó kù lókun, kó lọ wo ohun tó ń dé orí ààrò.

Pátákó ìwọ̀n mi kò ju pátákó lásán lọ, tó gùn tó apá, tí igi kan dúró ní orí rẹ̀ tí imú ẹja yóò kàn. Mo fa ìlà pupa kan sójú rẹ̀. Ẹja àpò tí ìrù rẹ̀ kò bá dé ìlà yẹn kò tíì yé ẹyin rí láyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ díẹ̀ nínú ohun tí ẹ pa ni kò dé ibẹ̀, kò burú. Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń se èèbù iṣu jẹ ni yín. Iṣu á ṣì wà nínú abọ́ yín lọ́dún yìí, ó lè wà lọ́dún tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó dé oko ẹ ò ní bá nǹkan kan.

Mo sọ èyí fún Àǹtí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé pátákó wá. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ní, "O ti parí? Kúrò níbi èéfín, o ń dí afẹ́fẹ́."

Òfin kan wà ní ìsọ̀ náà tó dàgbà jù mí lọ. Kí wọ́n tó ta ẹja àkọ́kọ́ nínú agbọ̀n, ọwọ́ àlejò kì í wọ inú rẹ̀. Wọ́n gbà pé ọjà á tutù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi, kí wọ́n tó tà á, kí wọ́n tó gbé e ka iná. Níléèwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí á ti ọwọ́ bọ agbọ̀n bí ẹni tó dijú, kí á mú èyí tí ọwọ́ bá bà, ká má ṣa ńlá, ká má ṣa kékeré. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Àǹtí tẹ̀bẹ̀tẹ̀bẹ̀.

"Ìyá mi ló bí mi," ó dá mi lóhùn, "síbẹ̀ kò jẹ́ kí n ti ọwọ́ bọ agbọ̀n rẹ̀ kó tó ṣíjà. Ìwọ wá ta ni? A máa bá ẹ mú un."

Mo gbà. Mo ní lọ́kàn mi pé bí ìyá kan bá mú ńlá, èkejì á mú kékeré, yóò bára mu nígbẹ̀yìn. Láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé, wọ́n ń mú ẹja fún mi, mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń dá a padà. Wọ́n ń mú un fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kó jẹ́ kí n fura, torí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi ní ìsọ̀ yẹn bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ìsọ̀ wa. Kíká ni wọ́n ń ká ẹja àpò níbẹ̀ kí wọ́n tó yan án. Wọ́n á fa ìrù rẹ̀ wá bá ẹnu, wọ́n á wá fi irin gún un já kó má bàa tú lórí iná. Màmá àgbà mi kò lo igi rí, torí igi a máa jóná. Sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà kẹ̀kẹ́, ni tirẹ̀, ó sì ní in lọ́pọ̀ yanturu, ó pọ́n wọn lẹ́nu ṣóńṣó. Lẹ́yìn tó kú, Àǹtí kó gbogbo wọn sínú agolo, ó ní kí n rù ú tẹ̀lé òun, a sì gbé e lọ bá Múìdéènì wẹ́dà tó ń jó irin ní Ṣàngó, ó bá wa gé wọn sí méjì-méjì. Àǹtí ní wọ́n ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, wọ́n ń gún àwọn lọ́wọ́, àti pé báyìí sípóòkù kan á máa ká ẹja méjì. Gbogbo ìsọ̀ yìn ín fún ọgbọ́n yẹn. Èmi náà yìn ín. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọn kò gé nínú wọn, òun ni wọ́n tẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń há a.

Nígbà tí mo wọn ẹja tán, kò sí ọ̀kankan tó dé ìlà pupa. Mo kọ ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja, àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún wa, mo sì dábàá pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa àpò lókun ní àwọn oṣù tó ń yé ẹyin. Kò pẹ́ tí rédíò fi gbé e pé wọ́n fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé Àǹtí á gbọ́. N kò mọ̀ pé ó máa wá bá mi níbi iṣẹ́.

Iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní ìtòsí Iyana Iyesi, ilé àwọn oníwàásù ni, ibi tí wọ́n ti ń rọra sọ̀rọ̀. Àǹtí dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ àti òórùn èéfín rẹ̀, ó ní òun ò wọlé, kí wọ́n lọ pè mí jáde. Àwọn síkiọ́rítì ń wò wá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń dẹ ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n ti òkun pa?"

"Àǹtí, oṣù díẹ̀ ni. Àpò nìkan sì ni. Kó lè yé ẹyin."

"Oṣù díẹ̀. Ààrò mi á tutù fún oṣù díẹ̀. Àwọn kọsítọ́mà mi á lọ máa jẹ adìẹ oníyìnyín fún oṣù díẹ̀, tó bá mọ́ wọn lára, wọn ò ní padà mọ́. Ìsọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ á wá di ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ṣé o ronú débẹ̀ kí o tó gbé bíírò?"

"Mo ronú débẹ̀."

"O wá kọ ọ́."

"Mo kọ ọ́."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lókun, tí wọ́n ń gbá a bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbálẹ̀, ṣé o wọn ẹja tiwọn? Ṣé o débẹ̀? Àbí àwa tá ò ní géètì ló rọrùn fún ẹ?"

Ó bá mi níbi tó ń dùn mí. A ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn kò dá wa lóhùn. Nítorí pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ ni inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí ẹni tó tọ́ ọ.

"Ẹ kúkú pa á tán. Bí ẹ bá pa á tán, gómìnàtì ò ní rí nǹkan kan tì pa mọ́."

Ó wá rọra sọ ọ́, àwọn síkiọ́rítì sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, Morónfólú. Ìwọ fi júwe, o tún ya àwòrán rẹ̀ fún wọn. Màá dójú tì ẹ́. Ẹni tó rán ẹ níṣẹ́ yẹn, níwájú ẹ̀ ni màá ti dójú tì ẹ́."

Òun àti àwọn obìnrin ìsọ̀ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n fagi lé àbá náà. Ohun tó mú Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ náà, wá sí Ìjù nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n da omi ẹja sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Bọ̀wálé, èéfín sì ń ta á lójú. Wọ́n fún un ní àga oníke, wọ́n fún un ní omi inú ọ̀rá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú yìnyín. Ó ní òun máa gbọ́ tọ̀tún, òun á gbọ́ tòsì, ohun tí òun bá kọ lónìí ni iléeṣẹ́ máa tẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ kí wọ́n ti òkun pa, ìbáà jẹ́ kí wọ́n ṣí i sílẹ̀.

Àǹtí kò jẹ́ kí ó simi. Ó dìde, ó so ìborùn mọ́ ìdí.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ bá mi bi ọmọ mi yìí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹja tó wọ̀n, ta ló mú un fún un?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí," mo dáhùn. "Ẹ ò jẹ́ kí n mú un fúnra mi."

"Ó dáa. Ìyá Waliyullah, ẹ bá wa gbé abọ́ yẹn."

Ìyá Waliyullah, tí ààrò rẹ̀ ṣìkejì ti Àǹtí, bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó nàró. Abọ́ rọ́bà kan tó ti pàwọ̀ dà ló gbé síwájú Bọ̀wálé. Ẹja wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, àwọn tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ díẹ̀.

"Abọ́ kí nìyí?" Àǹtí bi í.

"Abọ́ ènì ni."

Àǹtí kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ̀yin náà máa ń rajà, sà. Tẹ́ ẹ bá ra ẹja lọ́wọ́ wa, a máa ń fi ènì sí i fún yín. Wẹ́wẹ́ la máa ń kó síbí fún ènì. Ọjọ́ tí ọmọ yìí gbé pátákó dé, mo pe gbogbo ìsọ̀ jọ, mo ní ẹni tó bá fún un ní ẹja gidi, èmi àti onítọ̀hún. Inú abọ́ yìí la ti ń mú un fún un. Gbogbo ọjọ́ tó wá. Kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa, ó sì ń gba ènì."

Ìsọ̀ dà rú fún ẹ̀rín. Wọ́n ń lu ara wọn léjìká, wọ́n ń fa aṣọ nu ojú. Etí mi ń hó. Mo ronú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí mi láti ìgbà òjò, ó sì wá yé mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo tún fẹ́ gbé abọ́ náà kí n dà á lé àǹtí mi lórí, n kò ní purọ́.

Bọ̀wálé yíjú sí mi. "Madam Kàsúmù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"N kò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn."

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ohun tí ẹ kọ sí wa túmọ̀ sí?"

Mo lè wá ọ̀rọ̀ gígùn kan fi yí i po. Àwọn tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Kò túmọ̀ sí nǹkan kan," mo wí. "Ènì ni mo wọ̀n. Kì í ṣe ẹja òkun."

Ó pa bíírò rẹ̀ dé. "Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Mi ò lè fi ènì ti òkun pa. Màá kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣí i sílẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibẹ̀ ló yẹ kí àǹtí mi ti dákẹ́. Ó ti borí, òkun ti di ṣíṣí, iṣẹ́ mi ti bàjẹ́, ojú ti tì mí níwájú ẹni tó rán mi gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó tọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bó bá nà mí tí mo sunkún, á tún nà mí torí ẹkún. Bí n kò bá sunkún, á nà mí torí àìsunkún. N kò sunkún lọ́jọ́ náà. Mo kàn jókòó, mo ń wo pátákó mi.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá, ẹ má tíì lọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wọn ẹja gidi lójú yín. Kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ìwé ló kà, kò mọ ẹja."

"Kò pọn dandan mọ́, Mà."

"Ó pọn dandan fún mi."

Ó lọ sídìí àwọn agbọ̀n tí wọ́n ti ń tà nínú wọn láti àárọ̀. Ó ń ti ọwọ́ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀, ó ń fa èyí tó tóbi jù jáde. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tú, ó tú ti Ìyá Waliyullah, ó tú ti àwọn tó kù. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó fi omi ṣan wọ́n, wọ́n ń dán. Ẹja ńlá ni lójú mi náà. Àwọn tí hòtẹ́ẹ̀lì máa ń ránṣẹ́ sí ni.

"Ó yá. Wọ̀n ọ́n."

Mo gbé èkínní lé pátákó. Mo fi imú rẹ̀ kan igi, mo na ìrù rẹ̀. Ó ku ìka méjì kó dé ìlà pupa. Mo gbé èkejì. Ìka mẹ́ta. Mo gbé òmíràn, mo tún gbé òmíràn, kò sí èyí tó dé. Bọ̀wálé dìde lórí àga, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín ń tán nínú ìsọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló ṣa èyí tó tóbi jù nínú wọn, ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí pátákó. Kò dé. Ó fa ìrù rẹ̀ títí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi dún. Kò dé.

"Irọ́ ni pátákó yìí ń pa," ó wí. "Òyìnbó ló gbẹ́ ẹ."

"Káfíńtà ní Ṣàngó ló gbẹ́ ẹ, Àǹtí."

"Ìlà yẹn ńkọ́? Ta ló ní ibẹ̀ ló yẹ kó wà?"

"A la inú ẹja, a sì wo ibi tí ẹyin ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń la inú ẹja láràárọ̀, ìgbà wo lẹ ti rí ẹyin nínú àpò kẹ́yìn?"

Ó wo àwọn obìnrin, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"A ní ìwọ̀n tiwa," ó wí. "Ká tó bí ẹ, ká tó gbẹ́ pátákó ẹ, a ní ìwọ̀n tiwa."

Ó rìn lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fa sípóòkù tí wọ́n fi ń há a yọ. Irin náà ti wọ́ díẹ̀, ó fi orúnkún tọ́ ọ. Ó gbé e sókè síwájú Bọ̀wálé.

"Ìyá mi ló ni eléyìí. Òun ló fi ń ká ẹja ní ìsọ̀ yìí. Èmi ni mo ń bá a fà á yọ tó bá jiná, mo mọ̀ ọ́n. Tó bá gún ẹja já, orí irin nìkan lèèyàn máa ń rí, èèyàn á wá a kó tó rí ìdí rẹ̀. Ẹ wò ó."

Ó mú ẹja tó tóbi jù náà. Ó fa ìrù rẹ̀ wá bá ẹnu, wéré ló ṣe é, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Ó gún irin náà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó sì ń yọ bọ̀, ó ń yọ bọ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró, ẹja wà láàárín, irin sì yọ gbọọrọ lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ó gún un lọ́wọ́. Mo rí ẹ̀jẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Iná ń ta pápá nínú ààrò.

Ìyá Waliyullah ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Bó ṣe máa ń gún wa lọ́wọ́ nígbà yẹn nìyẹn," ó wí. "Ìyẹn la ṣe gbé wọn lọ gé."

"Mo mọ̀ pé a gé wọn," Àǹtí wí.

"Irin náà kò ṣáà gùn sí i."

"Mo ní mo mọ̀."

Irin kì í dàgbà. Èmi tí mo ru agolo yẹn tẹ̀lé e lọ sí Ṣàngó, èmi tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹja, n kò ronú kàn án rí. A rí i pé irin ti gùn ju ẹja lọ, a sì gé irin. Mo wo ojú àǹtí mi, mo rò pé inú mi á dùn. Kò dùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ká ìyá rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń sunkún.

Bọ̀wálé wú ikọ́. "Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò níbi tó wà o," ó wí. "Àwọn ẹja tẹ́ ẹ kó síbí, ẹ ṣà wọ́n ni. Ti tẹ́lẹ̀ náà, ẹ ṣà á ni. Mi ò lè kọ èyí tí ẹnikẹ́ni bá ṣà. Àfi kó tún un wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀, nínú agbọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá sì ní òfin yín kò gbà, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, òkun á wà ní ṣíṣí. Ọwọ́ yín ló wà."

Gbogbo wọn wo Àǹtí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún un láti sọ, kí ó ní òfin ìsọ̀ kò gbà, kí ààrò rẹ̀ máa gbóná lọ. Agbọ̀n kan wà lẹ́bàá ògiri tí wọn kò tíì ṣí, tí yìnyín ṣì wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún àwọn tí yóò ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àǹtí ń wò ó. Ó ń wo sípóòkù tó wà nínú ẹja. Ó fà á yọ, ó fi ìdí aṣọ nu ún mọ́ tónítóní, ó sì lọ fi í há ilẹ̀kùn padà.

Nígbà tó padà dé, ó fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n náà wá síwájú mi. Ó fi agbára tì í, etí rẹ̀ gbá mi lórúnkún.

"Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Àǹtí, ẹ ò tíì ta nínú rẹ̀."

"Mo ní kí o ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí o má bàa tún délé lọ sọ pé a tàn ẹ́. Dijú."

Àwọn obìnrin yí ojú wọn sí ògiri. Mo dijú, mo ti ọwọ́ bọ yìnyín. Ó tutù débi pé ó ń ta mí. Mo bá orí ẹja pàdé, mo tún bá òmíràn, wọ́n kéré ní ọwọ́ mi, gbogbo wọn kéré.

"Má rò pé mo dárí jì ẹ́ o," ó wí lókè orí mi.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Bí wọ́n bá ti òkun pa tán, má wá kí mi. Ọdún Iléyá, má wá. Tí mo bá kú, wá, torí ẹnu ayé."

"Mo gbọ́, Mà."

Mo fa èkínní jáde, mo tẹ́ ẹ sórí pátákó, mo pe ibi tó dé fún Bọ̀wálé, ó kọ ọ́. Àǹtí gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó gbé e sílẹ̀. Mo fa èkejì. Ó dúró lé mi lórí títí agbọ̀n fi ṣófo, ìlà pupa sì wà níbẹ̀ tí ìrù ẹja kankan kò kàn án. Kò tún ká ọ̀kankan nínú wọn. Kò mú irin. Gbalaja ló ń tẹ́ wọn sórí ààrò ìyá rẹ̀ bí mo ṣe ń wọ̀n wọ́n tán, síbẹ̀ ẹja odindi agbọ̀n kò kún ààrò náà.